Ojú Bàbá Lẹ́bàá Àtùpà

Ìṣó kẹta náà tún tẹ̀. Dóyin fi ẹ̀yìn òòlù yọ ọ́, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjì tó ti ṣáájú, ó sì fi òmíràn há ẹnu. Aago méjìlá ọ̀sán Sátidé ni, oòrùn Ìkẹ́rẹ́ ń yan páànù lórí ilé, obìnrin ẹni ọdún méjìdínlógójì sì dúró lórí àpótí, ó ń fi ìṣó kan búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ ojú fèrèsé pálọ̀ bàbá rẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ pé olè ń bọ̀.

"Fèrèsé kan ṣoṣo ló kù," ó sọ ọ́ mọ́ ìṣó lẹ́nu. "Tí mo bá ti dí ìyẹn, ilẹ̀ á ṣú."

"Ilẹ̀ á ṣú lọ́sàn-án gangan!" Àǹtí Grace dáhùn láti ẹnu ọ̀nà yàrá, níbi tó ti ń ká aṣọ sínú báàgì. "Adúmáradán, àwọn ará ulé kejì á ní orí wa ti dàrú."

Dóyin rẹ́rìn-ín, ìṣó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lọ́fun.

Aago mẹ́rin ni ọkọ Peace máa gbé mọ́tò dé láti Emùré. Peace, ọmọ kan ṣoṣo tí Àǹtí Grace bí, ti bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ sì ń lọ bá a wẹ ọmọ. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ wẹ ọmọ kì í di odó àti ìkòkò ọbẹ̀ sínú àpò, kì í sì í fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bàbá Bámijókò, bàbá Dóyin, ti kú, wọ́n ti ṣe ìrántí ọdún kan, Àǹtí Grace opó rẹ̀ kò sì rí ohun tó kù tó fẹ́ máa ṣe ní Ìkẹ́rẹ́. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé kò ní padà wá gbé ibẹ̀ mọ́. Kò kàn sí ẹni tó sọ ọ́ jáde.

Wákàtí mẹ́rin péré ni Dóyin ní nígbà náà. Ohun tó fẹ́ fi í ṣe ni kó kun ojú bàbá rẹ̀ bó ṣe máa ń rí lẹ́bàá àtùpà, kí ẹnì kan ṣoṣo tó lè júwe ojú náà fún un tó bá ọkọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ àwòrán kíkùn yìí kò tíì pé ọdún kan. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ Èkìtì kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Àkúrẹ́ wá sílé, Dóyin wà lára àwọn tó di fáìlì àti ìkòkò pọ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù kan náà. Wọ́n gbé e sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí tábìlì mẹ́ta wà fún òṣìṣẹ́ mọ́kànlá. Ẹni tí kò bá tètè dé láàárọ̀, ojú fèrèsé ni yóò jókòó sí. Ọládipọ̀ ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Èkìtì, òun dúró sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ nítorí ilé ìwé. Ìrọ̀lẹ́ wá gùn, Sátidé gùn jù ú lọ. Ọjọ́ kan ló rí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara igi: Ọ̀gbẹ́ni Gabriel, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà olóròóró kun àwòrán. Dóyin ní òun kàn fẹ́ lọ wò ó ni. Láti ọjọ́ náà ni òórùn ọ̀dà àti kẹrosíìnì kò ti kúrò lára rẹ̀ mọ́, tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì fi ń bi í léèrè bóyá ọkọ rẹ̀ ti dá ilé epo sílẹ̀.

Àwọn àwòrán àkọ́kọ́ kò ṣe é wò. Bó ti wù kí a mọ̀ ọ́n gún kí a mọ̀ ọ́n tẹ̀, iyán ewùrà kò ní ṣàì lẹ́mọ, Dóyin kò sì tíì mọ̀ ọ́n gún rárá nígbà náà. Ó kun ọsàn, wọ́n ní ṣé tòmáàtì ni. Ṣùgbọ́n ó tẹra mọ́ ọn, nítorí pé nígbà tó bá ń po ọ̀dà, kì í rántí ọ́fíìsì, kì í sì í rántí pé òun nìkan ló ń dá sùn.

Ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Gabriel fẹ́ràn jù láti kọ́ni ni yàrá tí àtùpà tàn sí, pẹ̀lú ènìyàn nínú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe iná lèèyàn ń kùn, òkùnkùn ni. Ó kọ́ Dóyin láti kọ́kọ́ fi àwọ̀ ilẹ̀ pupa pa gbogbo ojú kánfáàsì, kó wá fi aró àti àwọ̀ ilẹ̀ po òkùnkùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, torí pé ọ̀dà dúdú tí wọ́n bá fún jáde bẹ́ẹ̀ máa ń kú sójú àwòrán ni. Ó kọ́ ọ pé ibi tó sún mọ́ iná gan-an ló ń mọ́, pé tó bá ti tó ìgbésẹ̀ méjì sí i, ìmọ́lẹ̀ ti ń parẹ́. "Iná kì í mọ àgbà o, màdámù," ó máa ń sọ. "Ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló ń tàn sí."

Dóyin gbọ́. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé kó kun pálọ̀ ilé wọn bó ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kùn. Ó gbé e sórí àga ọlọ́wọ́ tó wà ní igun yàrá, ó jẹ́ kó tóbi ju gbogbo ènìyàn lọ, ó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kún ojú rẹ̀ fọ́fọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtùpà wà lórí àpótí nísàlẹ̀ ní ìkángun kejì. Ta ló fẹ́ fi bàbá tó bí i sínú òkùnkùn? Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ojú náà, inú ìwé ètò ìsìnkú ló ti wò ó kùn, fọ́tò tí bàbá yà lọ́dún tó fẹ̀yìn tì: fìlà tó dúró ṣánṣán, ojú tí kò ṣẹ́, iná ilé fọ́tò tó kọjú sí i láti iwájú. Ní ìsàlẹ̀, lápá òsì, nítòsí àtùpà, ó fi ẹ̀yìn obìnrin kékeré kan síbẹ̀ tó tẹ̀ ba atẹ ẹ̀gúsí. Àǹtí Grace nìyẹn.

Sátidé tó kọjá ni Ọ̀gbẹ́ni Gabriel rí i. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Màdámù, ta ni bàbá yìí?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Ẹ má bínú. Gbogbo nǹkan yòókù wà nínú yàrá yìí, bàbá nìkan ni kò sí níbẹ̀. Inú férémù ni bàbá wà."

Ọjọ́ méjì ni Dóyin fi bínú. Ní ọjọ́ kẹta ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ojú, ó ní kí òun rántí bàbá òun bó ṣe ń jókòó lálẹ́. Fọ́tò náà ló wá. Ó tún gbìyànjú, fọ́tò náà ló tún wá, pẹ̀lú fìlà àti gbogbo rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, òun ti sọ ojú bàbá òun nù, fọ́tò kan ló wà níbẹ̀ dípò rẹ̀. Ìgbà yẹn ló ronú kan Àǹtí Grace.

Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, ọjọ́ mẹ́rin ló fi wá ẹnu tí yóò fi sọ ọ́. Kì í ṣe pé ìjà wà láàárín wọn. Ọ̀wọ̀ ló wà níbẹ̀, ó sì pọ̀ jù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Dóyin nígbà tí bàbá rẹ̀ fẹ́ Grace, ọdún kan lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Ìyàwó bá a nílé, nítorí náà ìyàwó kò pe orúkọ rẹ̀ rí; Adúmáradán ló sọ ọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ó sì ń kúnlẹ̀ kí ọmọdé náà láràárọ̀ títí tí bàbá fi sọ pé ó tó. Dóyin ní tirẹ̀ ń pè é ní Àǹtí, ó ń gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Wọn kò jà rí, wọn kò sì jọ jókòó sórí ẹní kan náà rí.

Àárọ̀ òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́, àárọ̀ ọjọ́ tí Àǹtí Grace ń lọ. Ó ti ń sún un sí ọ̀la, kò sì sí ọ̀la mọ́.

Nígbà tí ìṣó tó kẹ́yìn wọlé, pálọ̀ ṣú biribiri, ooru sì bò wọ́n bí ìgbà tí wọ́n dé omorí lé ìkòkò. Àǹtí Grace gbé àtùpà wọlé láti ilé ìdáná. Ó ti fọ gíláàsì rẹ̀, ó ti gé òwú rẹ̀ dọ́gba. Kẹrosíìnì inú rẹ̀, Dóyin tò fún un lọ́jọ́ méjì. Ó ṣáná sí i, ó gbé e ka orí àpótí, ó sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọmọdé tí wọ́n bá ti gbé iná wọlé.

"Ẹ kú alẹ́ o," ó ní.

Aago kan ọ̀sán ni. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ẹ̀rín sì mú wọn títí tí Àǹtí Grace fi di ògiri mú.

"Ẹ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí, Àǹtí."

Ìyá àgbà tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó jókòó, ó sì na ẹsẹ̀. Nítorí pé kò mọ bí èèyàn ṣe ń jókòó lásán, ó fa àpò ẹ̀gúsí tó fẹ́ gbé lọ fún Peace mọ́ra, ó da díẹ̀ sórí atẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Dóyin gbé àwòrán náà ró sórí igi tí káfíńtà bá a kàn. Ó fún ọ̀dà jáde, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó dojú kọ àga tó ṣófo ní igun.

"Ó ti yá o. Tí iná bá wà níbí, tí bàbá sì jókòó sórí àga yẹn, ibo ló ń mọ́ lójú wọn? Ṣé iwájú orí ni àbí àgbọ̀n?"

Àǹtí Grace gbójú sókè. "Àga wo?"

"Àga wọn."

"Lálẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, lálẹ́."

Ìyá àgbà bó ẹ̀gúsí méjì, ó jù wọ́n sínú abọ́. "Adúmáradán, Bàbá Peace kì í jókòó sórí àga yẹn lálẹ́."

Dóyin rò pé ó ti ń gbàgbé nǹkan. "Háà, Àǹtí! Ojú mi báyìí ni. Wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á ṣí ìwé ìròyìn, àwa á wà nílẹ̀ tí a ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. A ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ sókè."

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń jókòó dè. Tó bá ti di aago mẹ́jọ, kí ni wọ́n máa ń sọ?"

"Wọ́n á ní ó tó, kí a lọ sùn."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Tí ẹ bá ti sùn, wọ́n á bọ́ fìlà wọn, wọ́n á ká uwé ìròyìn, wọ́n á wá jókòó síbí yìí." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lápá ọ̀tún.

"Kí wọ́n ṣe kí ni?"

"Ẹ̀gúsí."

"Ẹ̀gúsí kè?"

"Wọ́n ń bá mi bó o ni. Kí n má purọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n bó jù mí lọ."

Dóyin gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bàbá tí kì í gbé ife tó fi mumi kúrò níbi tó wà! Bàbá tí àwọn tó ń jẹ́jọ́ ní kóòtù máa ń dọ̀bálẹ̀ kí lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí wọ́n bá ń wọlé àti nígbà tí wọ́n bá ń jáde! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ lóòótọ́.

"Báwo ló ṣe jẹ́ tí a ò rí i rí?"

"Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i ni. Ujọ́ kan báyìí, pásítọ̀ wá kan ulẹ̀kùn lójijì. O ò bá rí bàbá rẹ! Wọ́n fò dìde, wọ́n de fìlà, wọ́n kó sórí àga, wọ́n ṣí uwé ìròyìn. Pásítọ̀ jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Uwé ìròyìn dorí kodò lọ́wọ́ wọn, èèpo ẹ̀gúsí sì kún irùngbọ̀n wọn. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, mo ní kí n lọ wo uná." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ẹ̀rín tàbí òógùn, Dóyin kò mọ èwo ni. "Ọ̀rọ̀ náà kò tán nílẹ̀ láàárín àwa méjèèjì títí wọ́n fi kú."

Dóyin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, ó dùn ún pé òun kò mọ ọkùnrin yìí. Ó jowú pẹ̀lú. Ó tì í lójú pé òun lè jowú ní ọjọ́ orí òun.

"Ó dáa nígbà náà," ó ní, ó sì tún gbé búrọ́ọ̀ṣì. "Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn jù. Ẹ sọ bí ojú wọn ṣe ń rí níbẹ̀ fún mi, gbogbo rẹ̀, díẹ̀díẹ̀."

Ọwọ́ Àǹtí Grace dúró lórí atẹ.

"Mi ò mọ̀," ó ní.

"Ẹ ò mọ̀?"

"Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n ń jókòó sí, Adúmáradán, wọn kì í jókòó síwájú mi. Ẹ̀gúsí ni mò ń wò. Ọwọ́ wọn ni mo ń rí nínú uná. Tí mo bá fẹ́ wojú wọn, wọ́n á ní kí n má gbé orí sókè, wọ́n ní bí uná ṣe wà lójú mi yẹn dára." Ó sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí kíákíá, ó sì tẹ̀ ba atẹ padà bí ọmọge.

Aago méjì ti kọjá. Dóyin dúró níwájú àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí kò rí ibi tó máa lọ. Ojú tó ń wá, ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n kò mọ̀ ọ́n. Bàbá inú férémù sì ń wò ó, ó tóbi, ó mọ́lẹ̀ yòò, ó jókòó sórí àga tí kì í jókòó sí. Irọ́ ni. Ìfẹ́ ló fi pa á, àmọ́ irọ́ ni.

Ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tó fi ń po ọ̀dà. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì fi ọ̀bẹ náà ha ojú bàbá rẹ̀ kúrò lórí kánfáàsì, láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

"Yéè! O fi ọ̀bẹ kan ojú bàbá rẹ!"

"Kì í ṣe ojú wọn, Àǹtí. Fọ́tò ni."

Ẹkún gbọ̀n ọ́n léjìká. Kò sunkún báyìí lọ́jọ́ ìsìnkú. Ọjọ́ yẹn, àlejò pọ̀, ó ń wá àga fún wọn. Àǹtí Grace jẹ́ kó sunkún dáadáa. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, ó sún atẹ sápá òsì, ó sì tún gbá ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Wá jókòó síbi tí wọ́n ń jókòó sí."

Dóyin wò ó.

"Wá jókòó, uṣẹ́ ń bẹ níbí. Ṣé èmi nìkan ni màá bó gbogbo rẹ̀ ni?"

Dóyin jókòó. Ẹní náà gbóná. Èjìká wọn kanra, kò sì sí èyí tó sún kúrò nínú wọn. Ó na ọwọ́ òsì sínú ìmọ́lẹ̀, ó he ẹ̀gúsí kan, ó tẹ̀ ẹ́ láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Èèpo náà ṣí.

Ó gbọ́ tí ìyá àgbà mí kanlẹ̀.

"Wo ọwọ́ rẹ," ni Àǹtí Grace sọ.

Ọwọ́ lásán ni. Àtàǹpàkò rẹ̀ gbòòrò lórí bíi ti amọ̀kòkò. Ìka ọmọńdinrín tẹ̀ síta, kì í bá àwọn yòókù tò. Dóyin kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ní ilé ìwé wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọwọ́ wọn nìyí. Bí wọ́n ṣe ń mú un nìyí gan-an. Ulé kan náà ni mo ń bá ọ gbé láti ùgbà yìí, mi ò rí i."

Dóyin yí ojú sí i láti fèsì. Láti ibi tó jókòó sí, iná gba ìsàlẹ̀ wá sí ojú Àǹtí Grace. Ó mọ́ ní àgbọ̀n, ó mọ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó kan ìsàlẹ̀ etí níbi tí yẹtí kékeré wà, ó sì fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ fún òkùnkùn. Obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé ni, ó rẹwà débi tí Dóyin kò fi lè mú ojú kúrò. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Kò sí ibòmíràn nínú pálọ̀ náà tí èèyàn ti lè rí ojú yìí báyìí. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ti jókòó síbí.

Ẹ̀gúsí kọ́ ni bàbá wá bó.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ má gbé orí sókè."

Ó gbé kánfáàsì kúrò lórí igi, ó fi í ti àpò odó níwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó fi òkùnkùn tó pò pa àga ńlá náà rẹ́ títí tó fi ku etí apá rẹ̀ kan. Ó pa obìnrin kékeré tó kọ ẹ̀yìn sí wa rẹ́, ó sì kun Grace sí ipò rẹ̀, ó tóbi, ó sún mọ́ iná, ojú rẹ̀ wà lápá òsì gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ti ń rí i. Dóyin na ọwọ́ òsì ara rẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀, ó ń wò ó. Ọ̀tún ni ó fi ń kùn ún gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ bàbá rẹ̀, tó ń ti apá ọ̀tún àwòrán bọ̀ wá sórí atẹ, pẹ̀lú ẹ̀gúsí kan láàárín ìka. Ara ọkùnrin tó ni ọwọ́ náà wà lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀, a kò rí i. Dóyin fi bàbá rẹ̀ sínú òkùnkùn, ó sì mọ̀ pé kò sí àrífín níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ìyá àgbà á rántí nǹkan kan, á rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, Dóyin á sì sáré fi ẹ̀rín náà sójú àwòrán kó tó lọ. Òógùn ń kán sórí ẹní. Èèpo ẹ̀gúsí wà lára gbogbo nǹkan, títí kan ọ̀dà.

Wọ́n gbọ́ fèrè ọkọ̀ níta. Lawrence, ọkọ Peace, kan ilẹ̀kùn, ó sì wọlé láti inú oòrùn aago mẹ́rin sínú òkùnkùn, àtùpà àti búláńkẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé kò sí o?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," ni Àǹtí Grace sọ. "Kó ẹrù sínú mọ́tò. Rọra gbé odó yẹn, àwòrán fẹ̀yìn tì í."

Nígbà tí Lawrence ti kó àpò tó kẹ́yìn jáde, ìyá àgbà dìde, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì wá tẹ̀ ba àwòrán náà tí Dóyin ti gbé ti ògiri. Dóyin ń retí pé yóò sọ̀rọ̀ nípa ojú ara rẹ̀, nípa yẹtí, pé òun kò ṣe bẹ́ẹ̀ sanra. Àǹtí Grace kò wo ojú ara rẹ̀ rárá. Ọwọ́ yẹn ló ń wò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kì í ṣe fún Dóyin. Ó sì na ìka, ó fi kan àtàǹpàkò ọwọ́ náà.

"Àǹtí, kò tíì gbẹ!"

Ó ti kàn án. Ó gbé ìka rẹ̀ sókè wò lẹ́bàá iná. Ọ̀dà wà lórí rẹ̀, àwọ̀ ara tí iná tàn sí. Dóyin sáré mú àkísà, ó kì í bọ kẹrosíìnì, ó fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra láti nù ún.

Àǹtí Grace di ọwọ́ náà, ó gbá a mọ́ àyà.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Jẹ́ kí n máa gbé e lọ."

Dóyin sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku kí i. Àǹtí Grace náà fẹ́ kúnlẹ̀, Dóyin dì í mú lápá méjèèjì, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí Lawrence ń wo ọ̀kánkán. Nígbà tí mọ́tò gbéra, ọwọ́ òsì ni ìyá àgbà fi ń juwọ́. Ọ̀tún wà ní dídì lórí itan rẹ̀.

Dóyin padà wọlé. Àtùpà ṣì ń jó. Ó jókòó sórí ẹní láti wo ohun tí ìka náà bàjẹ́. Àmì rẹ̀ wà lórí àtàǹpàkò gan-an, ó sì ti fa ọ̀dà díẹ̀ sápá òsì, sí ìhà ibi tí obìnrin náà jókòó sí. Ọ̀gbẹ́ni Gabriel yóò ní kó tún un ṣe. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù lọ, ó tì í bọ ọ̀dà, ó gbé e dé ibẹ̀.

Ó wá rí i pé ọwọ́ tí òun ti ń kùn láti ọ̀sán, orí atẹ ló dúró sí tẹ́lẹ̀, ó ń he ẹ̀gúsí. Ní báyìí, ó ti kúrò lórí atẹ. Ó ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà.

Dóyin ti búrọ́ọ̀ṣì náà bọ kẹrosíìnì, ó sì fọ̀ ọ́.